Ìyá Àgbà Mi, Ìyá Ọlọ́ràá ti Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀rá ń gòkè lọ lórí ẹ̀rọ nígbà tí màmá mi pè mí pé Ìyá Àgbà ti dákẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mi ò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́. Mo fi fóònù sápò, mo sì tún gbójú sókè wo ọ̀rá náà bó ṣe wú bíi bàlúùnù gígùn, tó mọ́ gaara, tó ń yọ lẹ́nu irin lọ sí òkè àjà. A kì í ṣàdédé pa ẹ̀rọ yẹn. Tí a bá pa á lójijì, rọ́bà tó ti yọ́ nínú rẹ̀ á jóná mọ́ irin. Mo dúró títí róòlù tó wà lórí rẹ̀ fi kún. Mo gé e, mo gbé e kalẹ̀, mo gbé e sórí ìwọ̀n, lẹ́yìn náà ni mo wá ń dín iná rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ni ín ṣe kọ́ mi. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kù pé Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe Ìyá Àgbà, ti lọ. Wọ́n figbe ta. Èmi wá ìgbálẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wò mí lójú bóyá wọ́n á rí omi níbẹ̀. Kò tíì sí. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń dá gbogbo ẹni tó ń kí wa lóhùn. Ó dà bíi pé mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn: mò ń mú nǹkan, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára. Màmá mi ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí nípa ìyá rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ìyẹn á ṣe mí láǹfààní. Ohun tí mo rántí rèé. Mi ò tò ó.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí i sí, Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá mílíìkì àti ti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ló gbà á nígbà tó wà lọ́mọge, gbígbé róòlù sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó tóbi jù. Òun àti bàbá mi àgbà jọ kó padà wálé ni, wọ́n ra ẹ̀rọ àlòkù kan, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn onípáànù kan sí ọ̀nà Ìṣẹ́. Bàbá kú kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà rárá. Gbogbo àdúgbò rò pé ó máa tà á. Ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ wọnú gbọ̀ngàn yẹn, ó sì tan án. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ọlọ́ràá.

Ẹ̀rọ náà ga ju ilé tí à ń gbé lọ. Ihò mẹ́ta ló ní tí a ń da wóró rọ́bà sí, wóró funfun kéékèèké tó dà bí ìrẹsì. Lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, páìpù gbígbóná kan wà tí irin ń yí nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ata. Irin yẹn ló ń ti wóró náà síwájú títí á fi yọ́, tó máa dà bí oyin. Páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pàdé ní ẹnu irin róbótó kan. Ibẹ̀ ni oríṣi rọ́bà mẹ́ta ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lóde. A ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú, wọ́n á wú, wọ́n á máa gòkè. Atẹ́gùn tútù á mú wọn le, irin méjì á tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ lókè, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ wá ká ara wọn mọ́ páálí. Tí o bá mú ọ̀rá náà lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo lo máa rò pé ó jẹ́. Kò sí èékánná tó lè ṣí i sí mẹ́ta.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n na ọwọ́ mi. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì há a láàárín. Ó ní, "Ti òkè yìí ló ń dán, ara rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ orúkọ ọjà sí. Ti àárín yìí, ìyẹn tìrẹ, òun ló lágbára. Ti ìsàlẹ̀ yìí ló ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n bá fi iná dé ẹnu ọ̀rá, òun náà ló ń fara kan oúnjẹ." Mo bi í pé èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá ní, "Èyí tí ọmọ ẹlòmíràn máa jẹun nínú rẹ̀."

Ó kórìíra lọ́fíńdà. Kò gbà kí wọ́n dín ẹja nítòsí gbọ̀ngàn, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé epo bẹntiróòlù wọlé. Imú rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ jù, lẹ́yìn imú, ọwọ́. Á fa igun ọ̀rá ya, á rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì gbé e sí imú. Yétúndé, tó ń ká róòlù, fín lọ́fíńdà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan nítorí pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un lọ́sàn-án. Màmá ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti dúró. Ó ní, "Yétúndé, lọ ulé, lọ wẹ̀ wá. Ọ̀rá yìí ò lọ òde kankan."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀, ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́, iṣu ni uṣu. Gbogbo ọdún tó lò ní Èkó kò mú èdè Ìkẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti máa ń gbìyànjú láti sọ ti inú Bíbélì, ibẹ̀ náà ló sì ti dójú tì mí jù. Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ọmọ kan níwájú wa jẹ bisikíìtì tán, ó ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀. Màmá tẹ̀ ba, ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó fà á sí gígùn, ó fà á sí ìbú, ó ń han wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, gbogbo èèyàn ń bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́ èrò sọ́nà wá bá wa, ó rọra ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwàásù ń lọ." Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mò ń gbọ́ ọ. Etí ni mo fi ń gbọ́ ìwàásù, ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́ èyí."

Ó máa ń jà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bá ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe jà, ó bá alága ìjọ jà nítorí àwo tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ, ó sì bá iná mànàmáná jà lójoojúmọ́, bíi pé èèyàn ni iná. Tí iná bá lọ nígbà tí ọ̀rá wà lókè, ọ̀rá á wó lulẹ̀, rọ́bà gbígbóná á sì máa kán láti ẹnu irin. Gbogbo wa la máa ń sáré lọ síbẹ̀ nítorí pé ojú ò lè wo òfò. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá kì í pariwo. Á fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, á dojú rẹ̀ dé, á jókòó lé e lórí. Á ní, "Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án báyìí, èmi kọ́ ni mo máa gbé e lọ ọsibítù."

Ìjà tó tóbi jù, ọmọ rẹ̀ ló bá jà á.

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, àbúrò màmá mi. Ó kàwé nípa ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì padà wálé láti ran Màmá lọ́wọ́ nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Òun ló tún ẹ̀rọ náà ṣe tí kò fi dákú mọ́. Màmá fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ iṣu sísun àti epo lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí wọ́n á máa jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí páìpù àárín gbóná tó.

Ìgbà kan wá dé tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí apá wa ò fẹ́ẹ́ ká wóró rọ́bà tuntun mọ́. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi lọ ra rọ́bà lílọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣà láti ara ike àlòkù, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń lọ̀. Ó dà á sí ihò àárín. Màmá wà ní Adó ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ń tọ́jú ojú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, a ti gé ọ̀rá náà, a ti kó o lọ fún Ìyá Ṣọlá ní Ìṣẹ́. Ìyá Ṣọlá máa ń po àgbàdo àti sóyà pọ̀, ó ń lọ̀ ọ́ ní lẹ́búlẹ́bú fún àwọn ọmọ ọwọ́. Òun ni oníbàárà wa tó tóbi jù.

Ìyókù róòlù kan wà nílẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ya igun rẹ̀, ó rà á láàárín ọwọ́, ó gbé e sí imú. Ó tún rà á, ó tún gbé e sí imú.

"Fẹ́mi, kí lo dà sáàárín?"

"Rọ́bà lílọ̀ ni, mà. Àárín nìkan ni. Inú rẹ̀ mọ́, òde rẹ̀ mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà ń ṣe é."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Rọ́bà kí ni wọ́n lọ̀?"

"Ike ni wọ́n ní. Wọ́n ti fọ̀ ọ́."

"Ike kí ni?"

Ó lọ gbé àpò tó ṣẹ́ kù wá. Màmá da díẹ̀ sórí páálí, ó ní kí n wá gbóòórùn rẹ̀. Mo tẹrí ba. Mo mọ òórùn náà. Bí oko kòkó ṣe máa ń rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín oògùn ni.

Màmá ní, "Gálọ́ọ̀nù oògùn kòkó wà nínú rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó mọ́ wà láàárín òun àti oúnjẹ."

"Ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé oògùn náà ò ní là á kọjá?"

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi kì í purọ́. Ó ní, "Rárá, mà. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá kò ní ṣe nǹkankan. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ sọ fún Ìyá Ṣọlá, kò ní rajà lọ́wọ́ wa mọ́. Òun ló ń gbé gbogbo wa dúró, Mọ́mì. Yétúndé ńkọ́? Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé kí gbogbo wọn máa lọ sílé ni? Ẹ jẹ́ ká kàn má ṣe é mọ́."

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Àjíkẹ́, lọ wá ọkọ̀ fún wa." Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ojú rẹ̀ kàn pọ́n. Ó ní, "Tí ẹ bá lọ, mà, ẹ ò ní bá mi níbí tí ẹ bá dé." Màmá wò ó títí, bíi pé ó fẹ́ dì í mú. Ó wá ní, "Oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Jẹun kó o tó lọ."

A lọ sí Ìṣẹ́. Ìyá Ṣọlá rò pé a wá kí òun ni, ó ti ń pe ọmọ kó gbé omi wá. Màmá ò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ìyá Ṣọlá fi ọwọ́ lérí. Ó ní, "Màmá, mo ti di ọjà sínú rẹ̀. Mo ti gbé e lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù níbí, mo ti gbé e dé Èmùré. Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́." Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá Ṣọlá bi í pé ta ló ṣe é, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ni àbí àwọn òṣìṣẹ́. Màmá ní, "Èmi ni mo ni ẹ̀rọ."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù kiri Ìṣẹ́, tí a sì kọjá sí Èmùré. Ìyá Ṣọlá ò bá wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ní gbogbo ibi tí a bá dé, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, á kí wọn, á sọ orúkọ ara rẹ̀, á sì ní kí wọ́n kó ọjà náà fún òun. Àwọn kan bú u. Ọ̀kan ní ó ti di arúgbó, kó lọ jókòó sílé. Ní Èmùré, wọ́n júwe ilé obìnrin kan tó ti rà á fún wa. A bá a lẹ́yìnkùlé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń fọ abọ́. Nígbà tó gbọ́, ó fi abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀kọ yẹn ni ọmọ mi ń mu láti ìjẹta. Màmá, kí ló máa ṣe é?" Màmá ní kó gbé ọmọ náà fún òun. Ó gbé e, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ọmọ náà sì ń fa gèlè rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ó máa ṣe nǹkankan. Torí pé mi ò mọ̀ ni mo ṣe wá."

Nǹkankan ò ṣe ọmọ náà. Àwa àti ìyá rẹ̀ gbé e lọ fún dókítà, a sì tún máa ń padà lọ wò ó. Bóyá òótọ́ ni ohun tí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi rò, pé kò ní ṣe nǹkankan. A kò lè mọ̀ láéláé.

Nígbà tí a délé, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ti lọ. Ó ti jẹun. Ó fọ abọ́ náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Màmá jókòó tì í, ó sì sunkún. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i kó sunkún, kò pariwo, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ. Lẹ́yìn náà, a fẹ́ ọ̀rá tuntun fún Ìyá Ṣọlá láti fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kí mi dáadáa, kò sì padà wá mọ́. Méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa fi wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, eku bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú páálí.

Àwọn àpò rọ́bà lílọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi rà ṣì wà ní igun gbọ̀ngàn. Mo rò pé Màmá máa ní kí a kó wọn dànù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n da àwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ọn, kí n dà á sí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rá tí wọ́n ń gbin èso kòkó sí la fi ṣe, èyí tí wọ́n máa ń kó yẹ̀pẹ̀ sí nínú tí wọ́n á tò sábẹ́ ibòji. Ẹnikẹ́ni ò ní jẹun nínú ìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìṣẹ́, láti Èmùré, láti abúlé tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Iṣẹ́ yẹn ò lówó lórí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti tan ẹ̀rọ. Màmá ní kí n pe Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ò gbà á lọ́wọ́ mi, ó kàn dúró tì mí. Ó ní, "Sọ fún un pé rọ́bà rẹ̀ ti wúlò." Mo sọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ní òun ti gbọ́, ó sì pa fóònù.

Mo bi Màmá nígbà kan bóyá ó kábàámọ̀ pé a lọ sí Ìṣẹ́. À ń di ọ̀rá dúdú ní méwàá-méwàá lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Lójoojúmọ́. Ọmọ mi ni." Mo ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Màá tún lọ. Màá sì tún sunkún."

A sin ín lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi àgbà. Ìyá Ṣọlá wá láti Ìṣẹ́, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Yétúndé sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi di òdòdó kan mú tí wọ́n fi ọ̀rá wé, nígbà tí wọ́n sì ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i, mo rí i pé mò ń ra etí ọ̀rá náà láàárín ìka. Ìpele kan ṣoṣo ni, ó fúyẹ́, kò dára tó. Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Mo gbé òdòdó náà lé orí yẹ̀pẹ̀, mo sì padà sẹ́yìn fún ẹni tó kàn.

Èmi kọ́ ni Màmá bá sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Ọsibítù ni a wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí kó tó kú, ọ̀sán ni. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dá a dùbúlẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbóná bí iná, tí à ń fi aṣọ tútù wé e, tí aṣọ náà sì ń gbẹ. Màmá mi ti pe Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A kàn rí i tó wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ara rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà. Ó ti hewú lórí. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ kú ìrora, mà." Màmá wò ó. Ó wá rọra yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jáde nínú aṣọ tí a fi bò ó, ó tì í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi gbé báàgì sílẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé àtẹ́lẹsẹ̀ náà.

Màmá ní, "Ọwọ́ rẹ tutù."

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi fẹ́ fà á sẹ́yìn.

"Má gbé e kúrò."

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo lọ pọn omi sí i. Nígbà tí mo padà dé, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá ti sùn. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó ní àkókò àlejò ti parí, kí gbogbo wa máa lọ. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ní kí n má gbé e kúrò." Nọ́ọ̀sì náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì kọjá lọ síbi bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e.